Màmá ní ara le, bàbá ní ara ò le: èwo la ó gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn òbí mi ń dà mí láàmú. Ẹni ọdún 63 ni màmá mi, wọ́n ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Ó ti pé ọdún 11 tí wọ́n ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru yí. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní "ara mi le koko, kò sóhun tó ń ṣe mí." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣúgà wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan jẹ́ 214, BP wọn sì jẹ́ 168/98. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 66, káfíńtà ni wọ́n. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, 152/94. Wọ́n ń lo oògùn, ó ti wálẹ̀ sí 134/82. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti dé ṣọ́ọ̀bù mọ́, wọn ò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, wọ́n ní àwọn ti di aláìsàn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé ẹni tí àrùn ń bá fínra kì í mọ̀ ni, àbí bàbá mi ló ń ṣe àṣejù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rín pa mí díẹ̀, nítorí lójoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn òbí yín méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá mi. Wọ́n á jókòó ti ara wọn. Ẹni tí nǹkan ń bàjẹ́ lọ nínú ara rẹ̀ á máa bá nọ́ọ̀sì ṣeré, á máa béèrè iye tí wọ́n ra léèsì ọrùn rẹ̀. Ẹni tí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ fún á fọwọ́ lérán bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Nígbà tí ènìyàn bá ní "ara mi le" tàbí "ara mi ò le", iye tí ẹ̀rọ kà kọ́ ló ń sọ fún yín. Ó ń sọ ohun tí ara ń gbà á láyè láti ṣe láti òwúrọ̀, ẹni tó ń fi ara rẹ̀ wé, ohun tí wọ́n ti sọ fún un nípa ara rẹ̀, àti bí inú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Àrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìlera ti ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo wádìí ẹ̀: "Lápapọ̀, báwo ni ìlera yín ṣe rí?" Ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀, kí onítọ̀hún mú ọ̀kan, láti orí "ó dára gan-an" dé orí "kò dára rárá". Ìbéèrè yìí wà nínú ìkànìyàn England àti Wales ní 2021, àwọn ènìyàn wa tó wà ní Peckham, ní London, dáhùn rẹ̀ bí gbogbo ará ìlú. Ní 1982, Jana Mossey àti Evelyn Shapiro gbé ìwádìí kan jáde láti Manitoba ní Kánádà. Wọ́n ti bi àwọn àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè ní irú ìbéèrè yìí, iye wọn ju 3,000 lọ, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún mélòó kan. Ewu ikú àwọn tó ní ìlera àwọn ò dára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó ní ó dára gan-an. Wọ́n ro ọjọ́ orí mọ́ ọn, wọ́n ro ohun tí dókítà kọ sínú ìwé mọ́ ọn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà ò lọ. Ní 1997, Ellen Idler àti Yael Benyamini kó ìwádìí 27 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ohun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nínú gbogbo wọn.

Èyí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nísinsìnyí kò yà mí lẹ́nu mọ́. Ara mọ ohun tí dókítà ò tíì kọ sílẹ̀: oúnjẹ tí kì í wu ni jẹ mọ́, ṣòkòtò tó ń yọ́ bọ́ nídìí, àtẹ̀gùn ilé tó ti di òkè lójú ẹni tó ń gùn ún. Nítorí náà, bí aláìsàn bá sọ fún mi pé "dókítà, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, àmọ́ ara mi ò rí bó ṣe yẹ," mo máa ń gbé bírò kalẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ tán.

Ṣùgbọ́n ènìyàn rẹpẹtẹ ni wọ́n kà kí wọ́n tó rí ìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo, bíi màmá yín, lè ní "ó dára gan-an" kó jẹ́ pé kò dára. A ó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, torí mo rò pé àwọn ni ẹ ti ń bínú sí.

Ní ìlú Hamilton, ní Kánádà náà, àwọn dókítà kan lọ wọn BP àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Àwọn tí tiwọn ga, wọ́n sọ fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú. Ìwádìí náà jáde ní 1978. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, nígbà tí ti gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù fi ìdá 9 péré lé. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù nìyí: nínú àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, iye náà lọ sókè, ìbáà jẹ́ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí wọn ò bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé BP wọn wálẹ̀ tàbí kò wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru lọ́jọ́ Ajé kò yàtọ̀ sí èyí tó ń ru lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Orúkọ tí wọ́n fún un ní àárín ọjọ́ méjèèjì ló yí ọkùnrin náà padà.

Bàbá yín ló wà nínú ìtàn yẹn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n wọn wọ́n, wọ́n fi ìfági fá pákó, wọ́n gbé ilẹ̀kùn lé èjìká, wọ́n bú ọmọṣẹ́. BP wọn lè ti wà ní 152 láti ọdún mélòó kan, kò dí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, orí tó ń fọ́ wọn nítorí òórùn fáníìṣì ti di BP. Àyà tó já nítorí ọ̀kadà kan tó fẹ́ gbá wọn ti di BP. Oorun tí kò kùn wọ́n lóru ti di BP. Kò sí ohun tuntun nínú ara wọn, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ara ni wọ́n ti yí padà.

Àwa náà la dá kún un. Ẹ wo orúkọ tí à ń pe irú àrùn báyìí: àìsàn bárakú. Bá-ara-kú. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ó máa ń pẹ́, pé a ó máa bá a gbé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ "bárakú" fún ìgbà àkọ́kọ́, "kú" ló gbọ́. Mo ti jáwọ́ lílo ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń ní, "ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, a ó jọ máa bójú tó o." Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn, àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí máa ń béèrè nípa oúnjẹ àti oògùn, ẹni tó bá gbọ́ bárakú máa ń béèrè bóyá kí òun lọ pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Kódà ààlà tí à ń pè ní àìsàn kò dúró lójú kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru láti 140/90 wá sí 130/80. Nínú gbogbo àwọn tó ti bàlágà nílẹ̀ náà, àwọn tí wọ́n ń kà sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kúrò ní bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di ìdá 46. Bíi mílíọ̀nù 31 ènìyàn sùn láìní àrùn, wọ́n sì jí pẹ̀lú rẹ̀, láìjẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn mọ nǹkan kan nípa ìpàdé náà. Mi ò ní wọ́n ṣe é burú o, wọ́n ní ìdí tiwọn, pàápàá fún ẹni tí ewu àrùn ọkàn ti wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé "aláìsàn" kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí ènìyàn níwájú orí.

Ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ẹ̀rọ BP wà nílé, pé bàbá ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ìwé ránpẹ́ kan wá bá mi rí, ó ti fi rúlà fa ìlà sí i dáadáa bí ìwé olùkọ́. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó wọn BP lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ti aago mẹ́jọ àárọ̀ jẹ́ 138. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún wọ̀n: 144. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lù, ó tún wọ̀n: 151. Ní aago méjì òru, ó jí ìyàwó rẹ̀ kó wá ràn án lọ́wọ́ de aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá: 163. Ẹ̀rù ló ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó bínú sí mi. Nígbà tó padà wá, 132 ni.

Kí bàbá wọ̀n ọ́n báyìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kí wọ́n má jẹ obì, kí wọ́n má mu kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì tó bá àyà dọ́gba. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin náà má bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, fún ọ̀sẹ̀ kan tó ṣáájú ọjọ́ dókítà. Bí àròpín rẹ̀ kò bá tó 135/85, oògùn ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀rọ náà wọ páálí rẹ̀ lọ, kó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù títí di ìgbà mìíràn.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ nípa bàbá rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ní àléébù tirẹ̀. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ á máa dá ènìyàn padà sílé láti ìdajì ọ̀nà, ta ló fẹ́ lọ jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ kó máa dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún? Àwọn mìíràn sì ń da ọ̀rọ̀ yàrá rú fún ọkùnrin. Bàbá kò ní sọ èyí fún yín láéláé, wọ́n lè má sọ ọ́ fún màmá pàápàá. Wọ́n á kàn ní "mo ti di aláìsàn." Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tàbí dókítà fúnra rẹ̀ bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀. Oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn.

Ẹ tún fojú sí i bóyá ọkàn wọn ló rẹ̀. Ìsoríkọ́ máa ń bá àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ rìn. Láàárín àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò ní in. Ṣùgbọ́n ará ilé wa kì í sábà sọ pé "inú mi bàjẹ́." Wọ́n á ní "orí mi ń gbóná." Wọ́n á ní "nǹkan kan ń rìn nínú orí mi bíi kòkòrò." Wọ́n á ní ara ń ta àwọn bí ẹni fi ata pa á. Dókítà tó bá jẹ́ orí nìkan ló ń yẹ̀ wò, Panadol ni yóò kọ. Bí bàbá kò bá rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, tí oúnjẹ kò wù wọ́n, tí oorun ń dá lójú wọn ní ìdájí, tí èyí sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n á ní ṣé wèrè ni ẹ pe àwọn ni. Ẹ ní rárá o, pé ọkàn náà máa ń ṣàárẹ̀ bí orúnkún.

Ó yá, ó kan màmá.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dáadáa. Wọ́n ní ara àwọn *le*. Ìlera tí à ń pè yìí, ara líle ló wà nínú rẹ̀: agbára, kí ara lè gbé ẹrù, kó lè dúró. Ẹni tó jí ní aago márùn-ún, tó di ẹrù aṣọ sí bọ́ọ̀tì tasí, tó dúró na ọjà títí di ìrọ̀lẹ́, tó padà wálé ro ọkà, kí ni ẹ fẹ́ kó pe ara rẹ̀? Ní èdè wa, ara rẹ̀ le ni lóòótọ́. Ìtọ̀ ṣúgà kò tíì gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ro ìkíni náà mọ́ ọn. "Ṣé ara le?" "A dúpẹ́." Ẹ ti gbọ́ ẹni tó dáhùn pé "rárá, kò le" rí láàárín ọjà? Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi. Àgbà tó ń ní ara òun ò le lójoojúmọ́, àwọn oníbàárà á máa wò ó bákan, àwọn ọmọ á máa sáré wálé láti Èkó. Màmá kò ní fẹ́ dá yín lágara. Nítorí náà, kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ara ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìdáhùn ìkíni ni.

Lẹ́yìn ọdún 11, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara wọn gan-an ti yí. Lọ́dún tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, wọ́n á pariwo. Lónìí, ìyẹn ti di bí òru ṣe ń rí. Ojú tó ń ṣe bàìbàì ti di ojú àgbà. Ẹsẹ̀ tó ń kú ti di ìdúró ọjà. Wọ́n sì ń fi ara wọn wé àwọn ẹgbẹ́ wọn: ọ̀kan ti ní rọpárọsẹ̀, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ fún ọ̀kan, wọ́n ti sin ọ̀kan. Ní àárín àwọn yẹn, ta ni ara rẹ̀ le tó tiwọn? Kò burú kí ipò ènìyàn mọ́ ọn lára báyìí. Òun ló jẹ́ kí wọ́n lè gbé ayé fún ọdún 11 láìsunkún. Mo ti rí ẹni tí kò lè ṣe é, ayé rẹ̀ kò dùn.

Ewu rẹ̀ ni pé àrùn méjèèjì tí màmá ní kì í pariwo. Ẹni tí orúnkún ń dùn á sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìlera òun ò dára, bẹ́ẹ̀ làkúrègbé orúnkún kì í sábà pa ènìyàn. Kíndìnrín lè bàjẹ́ jìnnà kí ẹni tó ni ín tó mọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ga kì í sábà ní àmì. Ìtọ̀ ṣúgà tún wá ṣe nǹkan kan tí mo máa ń pè ní olè tó kọ́kọ́ pa ajá: ó ń pa àwọn iṣan tó ń gbé ìrora wá láti ẹsẹ̀. Obìnrin kan wọlé bá mi, ó ń rìn dáadáa, ó ní ara dá ṣáṣá. Mo ní kó bọ́ bàtà. Ìṣó kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń rán bàtà ń lò, ti wọ inú sálúbàtà náà, orí rẹ̀ wà níta, ẹnu rẹ̀ wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀. Ó ti fi rìn láti ilé, bóyá láti àná. Kò purọ́ nígbà tó ní kò sóhun tó ń dun òun.

Nítorí náà, ẹ dẹ́kun bíbéèrè "ṣé ara le?" lọ́wọ́ màmá. Ẹ béèrè ohun tí wọn ò lè dáhùn ní "a dúpẹ́". Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n dìde tọ̀ lánàá? Ṣé wọ́n ṣì ń fi okùn sí ojú abẹ́rẹ́ fúnra wọn? Ibo ni wọ́n ti máa ń dúró sinmi báyìí tí wọn kì í dúró sí léṣìí, bí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀? Ẹ ó rí i pé wọ́n á ronú kí wọ́n tó fèsì.

Kí ẹ sì ka oògùn tó kù nínú páálí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí wọn ò sí nílé. Àwa tí a dàgbà nílùú yìí, oògùn ibà la mọ̀: a ó lò ó, ara á yá, a ó gbé e jù sílẹ̀. Bí ara bá ti le, kí ni oògùn tún ń wá? Ẹni tó ní ara òun le kò rí ìdí tí yóò fi gbé oògùn mì. Ó sì lè jẹ́ owó ni. Oògùn ti gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lò ó lọ́jọ́ kan, tó ń fo ọjọ́ kejì kó lè pẹ́ nílẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kí ọmọ gbọ́. 214 àti 168/98 tí ẹ kọ yìí, wọn kì í ṣe ohun tí a fi ń sáré gbé ènìyàn lọ ilé ìwòsàn lóru, ṣùgbọ́n kí wọ́n rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò bóyá èròjà ara ń jò sí i láti kíndìnrín, kí dókítà ojú wo ẹ̀yìn ẹyinjú wọn. Ti ojú àti ti ìtọ̀, ọdọọdún ni.

Ẹnì kan lè sọ pé àìmọ̀wé ló ń ṣe màmá. Rárá. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Íńdíà, kọ̀wé nípa nǹkan yìí ní 2002, ó fi ìpínlẹ̀ méjì ní Íńdíà wé ara wọn. Ní Kerala, àwọn ènìyàn ń pẹ́ láyé ju ti Bihar lọ fíìfíì, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ará Kerala ló ń ní àwọn ń ṣàìsàn jù. Àwọn ará Bihar tí kì í rí dókítà ń ní kò sí nǹkan. Ará Amẹ́ríkà tún ń ráhùn ju ará Kerala lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń rí dókítà sí ni orúkọ tó mọ̀ fún ohun tó ń ṣe é ń pọ̀ sí. Bí ẹ bá ní àǹtí kan ní London tó ní àrùn kan náà pẹ̀lú màmá, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń to àìsàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè dára ju ti màmá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ tí bàbá pa tì ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ní 2003 ni Oyè Gúrèjé, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn àgbà, àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè, ju 2,000 lọ, káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ń jẹ́ kí ayé àgbà dára lójú ara rẹ̀, kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò wà lára ohun tó ròkè jù. Bàbá yín ti fi ọwọ́ ara wọn gé ìyẹn kúrò nítorí BP tó ti wálẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yan ohun kan ṣoṣo fún wọn, yóò jẹ́ kí ẹ rọ̀ wọ́n padà sí ìpàdé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn jà lórí iyọ̀. Ẹ má ní "ẹ lọ ṣeré ìdárayá." Ẹ gbé àga kan tó ti ń mì lọ bá wọn, ẹ ní kí wọ́n bá yín tún un ṣe. Káfíńtà kì í lè wo àga tó ń mì lójú. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á nílò irinṣẹ́ kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé àyà ń fún bàbá mọ́ra gan-an, tàbí apá kan ara kọ̀ láti gbé, tàbí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrònú o, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan náà ni fún màmá, kódà bí wọ́n bá ní a dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó wọn lọ rí dókítà, ẹ kó àwọn méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú páálí oògùn màmá dání, àti ìwé tí bàbá ń kọ BP sí. Kí màmá wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà, kì í ṣe ti òde, kí dókítà lè rí inú rẹ̀.